Wọ́n ní ká fọwọ́ sí ìwé owó NIL Táíwò, ìyẹn owó tí eléré ń fi orúkọ ara ẹ̀ pa, kó tó di Jímọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Maryland): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Táíwò mi, ọmọ ọdún 17, wà ní ọdún ìkẹyìn háísúkù. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ló ń gbá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, kì í ṣe sọ́kà. Yunifásítì méjì ló ń wá a. Èyí tó sún mọ́ wa fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹnjinía wọn dáa, àmọ́ owó NIL wọn ò ju $15,000 lọ́dún. Èkejì jìnnà. Ọkùnrin kan tó ní àwọn olówó ẹ̀yìn ẹgbẹ́ ló rán òun ṣèlérí $120,000. Aago mọ́kànlá òru ló fi ìwé olójú-ewé 14 ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi, ó ní ká fọwọ́ sí i kó tó di Jímọ̀, òun á mú 20% tòun. Bàbá ẹ̀ ní ìwé la tìtorí ẹ̀ wá sílùú yìí. Táíwò bi í pé ọdún mélòó ló máa fi wa Uber kó tó rí iye yẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ bi í pé ta gan-an ló máa san owó náà. Láti July 1, 2021 tí NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti gbà kí eléré máa fi orúkọ ara ẹ̀ pawó, àwọn olówó ti ń dá owó jọ, wọ́n ń pè é ní ìpolówó ọjà, ọmọ ni wọ́n ń rà. Láti July 2025, lẹ́yìn ẹjọ́ House tí àwọn eléré pe NCAA, yunifásítì fúnra ẹ̀ lè san, nǹkan bíi mílíọ̀nù $20.5 fún gbogbo eléré ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Èyí tó bá ti ìta wá tó sì tó $600, ó gbọ́dọ̀ gba NIL Go, ibi tí wọ́n ti ń yẹ àdéhùn wò, kọjá, wọ́n sì lè dá a padà tí kò bá sí ọjà gidi nídìí ẹ̀. Ẹ rántí Jaden Rashada: iye tí wọ́n ṣèlérí fún un ní Florida lé ní mílíọ̀nù $13, owó ò dé, ó kúrò ní 2023, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2024.

Àǹtí Oníwèé-Owó-Orí: 20% kẹ̀? Agent NFL (líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe) pàápàá ò gbọ́dọ̀ gbà ju 3% lórí àdéhùn ẹgbẹ́! Owó yìí, wọn kì í yọ owó orí níbẹ̀ kí wọ́n tó san án. Oníbàárà mi kan fi gbogbo ẹ̀ ra mọ́tò. Nígbà tí April dé, ìyá ẹ̀ ló yáwó san owó orí.

Bọ̀dá Atlanta: Tèmi rèé. Kóòṣì tó mú ọmọ mi lọ gba iṣẹ́ níbòmíràn ní January. Nígbà tó fi máa di March, àwọn tó ń sanwó ò gbé fóònù mọ́. Ọmọ náà ti wà nínú portal tí wọ́n fi ń pààrọ̀ yunifásítì báyìí, ó ń wá ẹgbẹ́ míì, kírẹ́díìtì mẹ́sàn-án nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò sì bá a lọ.

Ìyá Adé: Ẹ dúpẹ́ pé ọmọ bíbí ibí ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Ìbàdàn ń gbá básíkẹ́tì lórí físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́. Ìpolówó lè jẹ́ iṣẹ́ lójú àwọn ìmígíréṣọ̀n, ó sì lè ba físà jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní fọ́tò fún ilé oúnjẹ kan, òun ló ń bá wọn di bàtà mú lẹ́yìn kámẹ́rà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi ọkùnrin náà pé ta ló ń sanwó. Ó wúkọ́, ó ní Jímọ̀ yẹn lè di Mọ́ńdè. Mo ti rí lọ́yà. Táíwò fúnra ẹ̀ ló ka ojú-ewé kẹsàn-án fún mi: wọ́n lè dá owó dúró nígbàkigbà láìsọ ìdí. Ó ní kí n má tíì sọ fún dádì òun.