Bí mo ṣe fi rúùkù kan gba ọ̀mì lọ́wọ́ bàbá kan n'Íbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì kan ni o, n'Íbàdàn, gbogbo wa la kàn ń ta á torí a fẹ́ràn ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi jẹun. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, aago á sì máa fi sẹ́kọ́ǹdì 10 kún un fún ẹ bó o bá ti ta tìẹ tán.

Bàbá kan ni wọ́n pín mi mọ́. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní "ọmọ mi, fara balẹ̀ ta á o," mo ní ẹ ṣé sà. Ha, bàbá yìí mọ̀ ọ́n ta! Wọn ò kánjú rárá, wọ́n kàn ń gba àyè mọ́ mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, a pààrọ̀ kuíìnì, a pààrọ̀ ẹṣin, a pààrọ̀ pọ́ọ̀nù (àwọn ọmọ kéékèèké tó lè di kuíìnì bí wọ́n bá dé ìlà ìparí), títí tó fi ku ọba wa àti rúùkù kọ̀ọ̀kan (èyí tó ń rìn gbọọrọ síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́), tí bàbá sì ní pọ́ọ̀nù kan tí èmi ò ní. Àwọn tó ti parí tiwọn dúró yí wa ká, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti kà mí mọ́ òpè.

Àmọ́ kò tíì bàjẹ́ o! Ará Faransé kan, Philidor, olórin tó tún mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta gan-an, ti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè fi gba ọ̀mì nírú ipò yìí láti 1777. Ọba mi ti wà níwájú pọ́ọ̀nù yẹn, mo wá gbé rúùkù mi sórí ìlà kẹta láti ọ̀dọ̀ mi kí ọba bàbá má bàa ráyè wọlé, ibẹ̀ ni mo ti ń sún un sọ́tùn-ún sósì, mi ò kúrò. Ọ̀pọ̀ wa ló ń há bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ géèmù sórí, tí a ò kọ́ irú èyí, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tó sú bàbá, wọ́n ti pọ́ọ̀nù wọ ìlà kẹta yẹn, kíá ni mo gbé rúùkù mi lọ sẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún pátápátá, ṣẹ́ẹ̀kì, mo ń lé ọba wọn! Ọba wọn ò ríbi fara pamọ́ sí fún ṣẹ́ẹ̀kì mi mọ́, torí pọ́ọ̀nù ti gba ibi tí ì bá fara pamọ́ sí. Ṣẹ́ẹ̀kì, ṣẹ́ẹ̀kì, ṣẹ́ẹ̀kì. Bàbá wo bọ́ọ̀dù títí, wọ́n nawọ́ sí mi: "Ọ̀mì ni."

Inú mi dùn ju ìgbà tí mo bá jẹ èèyàn lọ. Bàbá ò tiẹ̀ bínú, wọ́n ní kí n tún un tò fáwọn, káwọn náà lè mọ̀ ọ́n, a sì wà lẹ́nu ẹ̀ títí wọ́n fi pe wá fún géèmù tó kàn.