Píà mi ní Jos: mo wá jábọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kọkànlá ni mo ké wá síbí pé píà tí mo fi kóró gbìn sínú ike ọ̀dà ń gbẹ létí ewé, tí mo sì ń bẹ̀rù kí òtútù ọyẹ́ má pa á.

Òtútù nìkan kọ́. Jos ga tó 1,200 mítà lóòótọ́, òru ibẹ̀ a máa wọ egungun, ṣùgbọ́n kò tutù débi tí omi ń dì lágbàlá mi. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń fa omi kúrò lára ewé. Èmi náà wá ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí mo ti ìka bọ erùpẹ̀ inú ike, ó ń rùn bí omi ògì tó ti kan. Ihò ìdí rẹ̀ ti dí pa!

Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà, mo gbé e sẹ́bàá ògiri tó ń gba oòrùn ọ̀sán, mo da èèpo ẹ̀pà sí i, n kò jẹ́ kó kan ìdí igi. Omi di ìgbà tí ìka bá kan gbígbẹ. Ajílẹ̀, rárá. Lálẹ́, àpò ìrẹsì ni mo fi ń bò ó. Màmá aládùúgbò wa ní, "Bàbá Píà, ṣé o ti pọ̀n ọ́n?"

Láàárọ̀ àná, ọ̀mùnú mẹ́ta yọ, pupa rúsúrúsú. Òjò àkọ́rọ̀ ni mo ń dúró dè kí n tó gbé e kúrò nínú ike lọ gbìn sílẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.