Wọ́n pààrọ̀ èjìká mi, mo sì padà sídìí tẹ́níìsì. Ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí yín láìsọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n san gbèsè mi lónìí. Ọmọ ọdún 62 ni mí, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì fi ń gbá tẹ́níìsì láti kékeré. Oríkèé èjìká yẹn ti jẹ tán pátápátá: ohun yíyọ̀ tó máa ń bo orí eegun kò sí mọ́, eegun wá ń ha eegun. Bí mo bá yí apá, ńṣe ló máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ yanrìn. Oṣù mẹ́rìndínlógún rèé tí dókítà ti gé orí eegun apá náà, tó fi irin roboto rọ́pò rẹ̀, tó sì lẹ ike mọ́ ojú ihò tí irin náà ń yí nínú rẹ̀.

Ní ti ìrora, alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo lè ròyìn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ọwọ́ náà kú tú lóru, mo sì ké bí ọmọdé. Ẹ bi dókítà yín bóyá kí ẹ ti lo oògùn ìrora kí abẹ́rẹ́ yẹn tó tú. Èmi dúró dìgbà tó dùn mí, ó sì dùn mí dénú eegun. Àmọ́ nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora àtijọ́ tó ti ń jí mi lóru fún ọdún mẹ́rin ti pòórá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀, torí mo rò pé ara mi ti yá.

Ohun tí kò tíì yé mi nígbà náà ni pé kí wọ́n tó lè dé ibi oríkèé, wọ́n ní láti gé iṣan kan níwájú èjìká, kí wọ́n wá rán an padà. Irin ti dúró digbí láti ọjọ́ kìíní. Iṣan tí wọ́n rán yẹn ni gbogbo wa ń dúró dè. Òun ló jẹ́ kí wọ́n gbé ọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi í tẹ àga dìde, n kò gbọdọ̀ fi í fa nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo tú aṣọ ọrùn náà kí n lè wẹ̀. Atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo dì í mú, mo fà á. Nǹkan kan ta pó níwájú èjìká mi.

N kò sọ fún ìyàwó mi. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ láti mọ̀ bóyá agbára ṣì wà níbẹ̀. Ó wà, ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí. Lọ́jọ́ kejì dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò já. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún iye ọjọ́ tí ọwọ́ máa fi wà lọ́rùn. Mo gbà láìjanpata.

Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń ju ràkẹ́ẹ̀tì lásán láìsí bọ́ọ̀lù. Ó pé oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó gbà mí láyè láti wọ pápá. Gbígbá láti ẹ̀gbẹ́ kò nira rárá. Sáàfù, ìyẹn gbígbá tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ni ogun mi: apá kò gòkè tó ti tẹ́lẹ̀, tí mo bá sì fipá gbé e, ọrùn ló máa ń dùn mí. Mo wá ń gbá a láti ìsàlẹ̀. Òfin gbà á, bí bọ́ọ̀lù ò bá ṣáà ti kan ilẹ̀ kí ràkẹ́ẹ̀tì tó kàn án. Mo máa ń gé abẹ́ rẹ̀, tó bá balẹ̀ kì í fò. Àwọn tó kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín ti ń sáré wá sídìí nẹ́ẹ̀tì báyìí. Àmọ́ ẹni méjì-méjì nìkan ni mò ń gbá.

* * *

Àbúrò, ẹ kú orí ire. Ọmọ ọdún 68 ni mí, tèmi sì yàtọ̀ sí tiyín. Àwọn iṣan tó ń gbé apá sókè ti já, wọn ò ṣeé rán mọ́, wọ́n bá dorí oríkèé náà kodò: irin roboto wá wà lára eegun èjìká, ihò wá wà lórí eegun apá. Iṣan ńlá tó bo èjìká ló wá ń ṣiṣẹ́ tí àwọn tó já ń ṣe. Dókítà ọmọ Faransé kan, Paul Grammont, ló gbé irú tí wọ́n ń tẹ̀ lé dòní jáde ní 1985. Mo máa ń kí i nínú ọkàn mi nígbàkigbà tí mo bá gbé ife sórí pẹpẹ.

Ewu tiwa ni kí ọwọ́ lọ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni irú èyí ti máa ń yẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: kọ́mú tó ń dè lẹ́yìn, mo ti kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi, iwájú ni mo ń de tèmi.

Ìlúwẹ̀ẹ́ ni eré mi. Ojú ọgbẹ́ ti jinná dáadáa kí n tó kan omi, rírìn nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni mo wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, ọwọ́ kì í kúrò lábẹ́ omi nínú ìyẹn. Èyí tí a ń ju apá kọjá orí dé lóṣù kẹjọ, kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ara ni mo ń yí kí ọwọ́ tó lè jáde. Mo ń lọ jẹ́jẹ́. Èyí tí a ń fi ẹ̀yìn wẹ̀, mo ti fún un ní ìdágbére.

* * *

Ayọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀. Ọmọ ọdún 49 ni mí, básíkẹ́tì àti irin gbígbé ni mo mọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo tó gbọ́ pé wọn kì í fọwọ́ sí eré tí wọ́n ti ń forí gbárí tàbí tí èèyàn ti ń ṣubú lu ọwọ́, pé irin wúwo máa ń jẹ́ kí ike inú ihò tètè jẹ tàbí kó tú. Ẹni tó ṣe tèmi kò bi mí léèrè eré tí mò ń ṣe, èmi náà ò sì sọ. Mò ń sùn dáadáa báyìí, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, ojú mi kì í lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n onítẹ́níìsì, ọwọ́ wo lẹ fi ń ju bọ́ọ̀lù sókè?

* * *

Òsì ni, àbúrò mi. Ọ̀tún kì í gbé ju ràkẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀kan tó fúyẹ́ ni mo sì pààrọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ya àwòrán èjìká mi láti wo bí ike náà ṣe wà. Mo máa bá yín bi dókítà nípa irin gbígbé, ìwọ̀n kílò tó máa sọ ni màá kọ síbí.