Ìrírí wa níbi tí a ti ń kọ́ ọlọ́pàá, adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn

Olùdánilẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn agbófinró ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìrírí tí mo sì fẹ́ sọ ni èyí tó yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ni padà pátápátá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́wọ́ gbà ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, ni mo máa ń kà fún wọn láti abala kìíní títí dé abala 30. Àwọn ọlọ́pàá á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀, bí mo bá sì dán wọn wò ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gba máàkì tó dára. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, mo bẹ sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kó jẹ́ kí n wo ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé sí. Orúkọ wà níbẹ̀, ẹ̀sùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n kọ aago tí wọ́n mú ẹni náà wọlé sí ṣófo láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀. Níwájú orúkọ mẹ́ta, wọ́n ti pa ọjọ́ tí wọ́n kọ rẹ́, wọ́n sì ti kọ òmíràn lé e, débi pé bébà ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Abala 9 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Aráàlú àti Ẹ̀tọ́ Ìṣèlú ti ọdún 1966 sọ pé kí a sọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un lójú ẹsẹ̀, kí a sì tètè gbé ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lọ síwájú adájọ́. Bí a kò bá kọ aago sílẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá a tètè ṣe é? Ẹ̀yìn igbá ni mo ti ń yín àgbàdo sí.

Láti ìgbà náà, ojú ìwé òfìfo bíi ti àtìmọ́lé ni mo máa ń pín kí n tó la ìwé òfin kankan. Mo máa ń ní kí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan fi ara rẹ̀ sí ipò ẹ̀gbọ́n tó ń wá àbúrò rẹ̀ kiri, kó sì sọ ohun tó fẹ́ bá nínú ìwé náà. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: bí ọ̀gá mi bá ní kí n má kọ ọ́ ńkọ́? Mo máa ń ka Ìlànà Ìwà fún Àwọn Agbófinró ti ọdún 1979 fún wọn. Abala 5 ní kò sí agbófinró tó lè fi àṣẹ ọ̀gá ṣe àwáwí fún ìdánilóró, abala 8 sì ní kí ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti rú ìlànà náà fi tó àwọn aláṣẹ létí. Síbẹ̀, èmi gbà pé bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìkan, tí ọ̀gá wọn kò jókòó sí kíláàsì, àwọn ọmọ iṣẹ́ yẹn ni a ń rẹ́ jẹ.

Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ sájẹ́ǹtì yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí èmi gan-an wà lára àwọn tí kò béèrè.

Àwa adájọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n kọ́ wa, a máa ń rò pé ó ń tàbùkù òmìnira wa. Ìlànà Bangalore lórí Ìwà Adájọ́ ti ọdún 2002 ló la ojú mi, nítorí ó sọ ọ́ kedere pé kí adájọ́ máa mọ ohun tó ń lọ nínú òfin àgbáyé, títí kan àwọn àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ jẹ́rìí fún ara rẹ̀ níwájú mi. Wọ́n ní kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kó búra, ó na ọwọ́ òsì. Akọ̀wé kóòtù jágbe mọ́ ọn. Mo ní kí akọ̀wé dákẹ́, mo sì bi ọmọ náà léèrè ohun tó ṣe ọwọ́ kejì. Ó rọra ká apá ẹ̀wù sókè: ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ojú okùn sì yí i ká.

Abala 15 nínú Àdéhùn Ìlòdì sí Ìdánilóró ti ọdún 1984 kò gbà kí a fi ọ̀rọ̀ tí a fi ìdánilóró gbà lẹ́nu ènìyàn ṣe ẹ̀rí lòdì sí i. Mo ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ní kí a kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe gba ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba yọ ìwé náà kúrò. Títí di òní, àwọn tó ti na ọwọ́ òsì níwájú mi ṣáájú rẹ̀ ni mo ń rò.

Òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ìbí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àlàyé. Wọn kì í sábà pe irú wa sí ẹ̀kọ́ yìí, bí ẹni pé inú àtìmọ́lé nìkan ni ẹ̀tọ́ ti ń sọnù. Ìyá kan gbé ọmọ ọwọ́ wá, mo dá a padà nígbà méjì nítorí bàbá ọmọ kò bá a wá. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ nípa abala 7 nínú Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989, tó ní kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbí láìjáfara, mo ka fọ́ọ̀mù wa àti òfin tó gbé e ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní dandan ni kí bàbá wá. Àwa fúnra wa ni a gbé òfin yẹn kalẹ̀.

Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo dìde, mo tọrọ àforíjì, mo sì kọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì ṣì ń béèrè bàbá, nítorí náà mo ti lẹ ojú ìwé òfin náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa, níbi tí ẹni tó bá wà lórí ìlà ti lè kà á fúnra rẹ̀.