Akọ̀wé onílé ni mí, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti ń ru. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

Aránṣọ Akóbọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí a parí gọ́tà, tí omi ò wọ yàrá ẹnikẹ́ni, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo omi tó ń lọ, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí tíráńsífọ́mà wa jó. Ilé 62 ló yẹ kó dá owó, 38 ló tíì san. Àwọn tí ò san kọ́bọ̀ ló ń pariwo jù pé mo ti kówó jẹ. Aago mọ́kànlá alẹ́, WhatsApp á ṣì máa dún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gé léèsì oníbàárà, ẹnì kan pè, ó ń bú mi; ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún méjì ni mo ti gé. Èmi ni mo ra ọ̀pá méjì dí i.

Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní kẹ́mísì: 158/96. Bí mo bá fipò sílẹ̀, wọ́n á ní òótọ́ ni mo jẹ owó. Bí mo bá sì dúró, ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi í sílẹ̀ kíá! Iṣẹ́ tí ò lówó oṣù. Wọ́n á ti yan akọ̀wé mìíràn kí wọ́n tó sin yín tán.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ìyá Ìbejì, ẹ rọra o. Aránṣọ, ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má sọ̀rọ̀, kí wọ́n tún un wò lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá ṣì tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe àgbo. Ẹ má sì sọ pé orí ò fọ́ yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kanlẹ̀kùn. Bó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ pa fóònù.

Ọmọ Aláúsá: Mo wà ní Aláúsá l'Ékòó lọ́dún 2020, nígbà EndSARS, ìwọ́de tí a fi tako àwọn ọlọ́pàá SARS, piọ́wọ́tà ni mo ń pín. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ara mi ò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí. À ń kọrin, à ń gbálẹ̀, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ń bu ìrẹsì fún mi. Lálẹ́ 20 Oṣù Kẹwàá, mi ò sí ní Lẹ́kkí níbi tí àwọn sójà ti yìnbọn sáàárín àwọn olùwọ́de, ṣùgbọ́n mo wò ó lórí Instagram bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Oníkálùkù sá wọlé. Ìgbà tí mo dá wà yẹn lara mi bàjẹ́: bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bú gbàù, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni màá bá ara mi. Ó tó oṣù mẹ́rin kí àwa mẹ́ta tó tún pàdé nídìí àmàlà, a wá rí i pé bákan náà ló ń ṣe gbogbo wa. Ta ni ẹ̀yin ń bá sọ ọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ rántí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣíwájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta láti tako owó orí. Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi orí oyè sílẹ̀ lọ́dún 1949, àmọ́ kì í ṣe ìyá nìkan ló ṣe é, àwọn obìnrin ọjà tò sẹ́yìn wọn. Síbẹ̀ náà, ìyà ò yẹ ìyá sílẹ̀: àwọn sójà tó ya wọ ilé Fẹlá ọmọ wọn ju ìyá sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dún 1977, ìyá sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà ti di ọ̀rọ̀ Aláké 😂

Bàbá Onílé: Ọmọ mi, àkáǹtì ta lowó wà? Bó bá jẹ́ tìrẹ, gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́la. Kí ẹ̀yin mẹ́ta jọ máa buwọ́ lù ú, kí ẹ sì lẹ orúkọ àwọn tó san mọ́ géètì. Ọ̀rọ̀ kejì: NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ti sọ ọ́ pé ojúṣe iléeṣẹ́ oníná ni tíráńsífọ́mà. Bí àdúgbò bá fẹ́ rà á fúnra rẹ̀, ìwé àdéhùn bí owó ṣe máa padà ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ jọ buwọ́ lù.

Aránṣọ Akóbọ̀: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Àkáǹtì mi lowó wà lóòótọ́, Bàbá. Mo ti pe alága, a ó lọ sí báńkì ní Mọ́ńdè. Fóònù mi wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Tọmọ mi ni mo fi ń kọ èyí, ó sì ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lòun fún mi.