Báwo la ṣe lè yẹ́ àwọn pọ́tà hóòlù wa (àwọn tó ń mójú tó ilé táwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé) sí ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI)?

Ọmọ Kuti: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́ kọnfokéṣọ̀n, ìyẹn ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ jáde, àwọn tó ṣe fọ́ọ̀sì kíláàsì la máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù, kò burú, àmọ́ pọ́tà tó ń gbé ọmọ aláìsàn lọ sí Jaja, ilé ìwòsàn yunifásítì wa, lóru ńkọ́? A fẹ́ fún wọn ní àwọ́ọ̀dù, kí la máa wò ká tó yan èèyàn?

Àbẹ̀kẹ́ Agbowó: Ó dáa gan-an. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ hóòlù kọ nǹkan tẹ́ni náà ṣe sílẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ní ká kàn dìbò, ẹni tó gbajúmọ̀ jù ló máa gbé e. Ẹ rántí àwọn tó ń gbálẹ̀ náà o, àti màmá olóúnjẹ tó ń tàwìn fọ́mọ tí ò lówó.

Ẹ̀gbọ́n Alọ́mínáì: Orúkọ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní UI, wà lára hóòlù kan níbẹ̀ títí dòní, ó sì tọ́ sí i. Ẹ wá pátákó kan tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ pọ́tà náà sí, kẹ́ ẹ sì fowó tì í, ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó, wọ́n lọ́mọ nílé ìwé.

Ọmọ Kuti: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. A máa gbé ti owó yẹn lọ bá wọ́dìn, ọ̀gá hóòlù wa.