Àfikún ni, àbí arọ́pò? Lórí orúkọ oúnjẹ tí a ń bù fún màlúù tí ń jẹko

Orúkọ mẹ́ta ni àwọn tí ń wá orúkọ Yorùbá ti dábàá fún oúnjẹ tí ọlọ́sìn ń bù síwájú màlúù tí a ń sìn fún ẹran, nígbà tí koríko pápá nìkan kò bá tó o: "ìpápánu", "àjẹmọ́" àti "àfikún oúnjẹ". Ìpápánu kò lè dúró, nítorí ohun tí a fi ń tan ebi kí oúnjẹ gidi tó dé ni, bẹ́ẹ̀ màlúù yìí kò retí oúnjẹ mìíràn lẹ́yìn èyí tí ó wà nínú ọpọ́n. Àjẹmọ́ dùn létí, ó sì ṣeé túmọ̀ sí ohun tí a jẹ mọ́ koríko, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè ti fi ìpìlẹ̀ kan náà ṣẹ̀dá "ajẹmẹ́sìn" àti "ajẹmóṣèlú", tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkàwé yóò fi máa bèèrè pé àjẹmọ́ kí ni. Bí kì í bá ṣe pé àwọn oníwàásù ti gba "ìbùkún" mọ́ wa lọ́wọ́, òun gan-an ni ì bá dára jù, nítorí bíbù ni a ń bù ú kún ohun tí ó wà nílẹ̀.

Ó wá ku àfikún. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò gbà kí a fi í bo gbogbo ohun tí ó bá ti wọ inú ọpọ́n. Ohun tí a bá fi kún nǹkan kì í dín nǹkan náà kù, bẹ́ẹ̀ lórí pápá, oúnjẹ kan wà tí ń mú kí màlúù túbọ̀ jẹ koríko, òmíràn sì wà tí ń gba ipò koríko lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo koríko tí ó ti gbó, tí ó sì ti gbẹ, tí èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó 7%. Màlúù lè dúró láàárín rẹ̀ títí dé orúnkún, kí ó sì máa rù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ikùn ńlá rẹ̀, àwọn tí ń bá a tú koríko palẹ̀, ni ebi ń pa. Koríko a wá pẹ́ nínú ikùn, àyè kì í sì í sí fún òmíràn. Bí a bá fún un ní ìwọ̀nba èso òwú tí a ti fún òróró rẹ̀, tí amúaradàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò náà a gbèrú, koríko a tètè dà, màlúù a sì tún tẹrí ba wá òmíràn jẹ. Kò tilẹ̀ di dandan kí a máa bù ú lójoojúmọ́; ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè tó, nítorí ara màlúù a máa dá náítírójìn, èròjà inú amúaradàgbà, padà sínú ikùn ńlá náà, a sì máa bá itọ́ rẹ̀ wọlé. Èyí ni àfikún tòótọ́.

Àgbàdo tàbí ọkà bàbà kò rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pọ̀. Sítáàṣì inú wọn a mú kí ikùn ńlá náà kan. Nígbà tí pH rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń wọn kíkan, tí ń lọ sílẹ̀ bí kíkan bá ń pọ̀ sí i) bá sì ti lọ sílẹ̀ ju 6 lọ, iṣẹ́ àwọn kòkòrò tí ń tú koríko a falẹ̀ gidigidi. Màlúù tí ó wọn 400 kg, tí ó ń jẹ nǹkan bí 10 kg koríko tútù tí ó dára (bí a bá yọ omi inú rẹ̀ kúrò), kò ní jẹ 13 kg nítorí pé a bu 3 kg àgbàdo fún un. Yóò dín koríko kù ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn kì í fi í bù ju 0.5% ìwọ̀n ara ẹran lọ lóòjọ́, èyí tí í ṣe 2 kg fún irú màlúù bẹ́ẹ̀. Èmi yóò pe èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ní "arọ́pò koríko", irú arọ́pò tí a mọ̀ nínú gírámà, tí ó máa ń jókòó síbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ ìbá jókòó sí. Kì í ṣe orúkọ èébú o. Nígbà tí pápá bá ti ń tán, arọ́pò gan-an ni ọlọ́sìn ń wá, kí ẹran má baà fi eyín hú gbòǹgbò koríko.

Àtakò kan wà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: wọ́n ní oúnjẹ inú àpò kan náà lè jẹ́ àfikún lórí pápá kan, kí ó sì jẹ́ arọ́pò lórí òmíràn. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ so orúkọ náà mọ́ ohun tí ó wà nínú àpò; iṣẹ́ tí ó ṣe lára ẹran ni kí a so ó mọ́. Iyọ̀ lílá nìkan ni n kò bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí, nítorí kì í gba àyè koríko nínú ikùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni ti ọmọ màlúù tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ọlọ́sìn a ṣe ọgbà kékeré sínú pápá, a fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, èyí tí èjìká ọmọ lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí ti ìyá kò lè gbà, a sì bu oúnjẹ síbẹ̀. Bí wàrà ìyá bá ti ń gbẹ, tí koríko sì ti gbó, àfikún ni. Bí koríko tútù bá pọ̀ nílẹ̀, koríko ni ọmọ ọ̀hún yóò fi sílẹ̀. Nítorí náà, n kò lè gba "àfikún ọmọ màlúù" tí wọ́n dábàá wọlé. "Oúnjẹ inú ọgbà" tẹ́ mi lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi tí a bù ú sí nìkan ni ó sọ, kò sì jẹ́ kí a dá ẹjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó wo pápá.